Odindi Mélòó Ni Kí N Rà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Gígé Pákó, Páìpù àti Rọ́ọ̀dù Láìfi Owó Ṣòfò

Láti Ọ̀nà Oǹdó títí dé Ọ̀nà Ìjọ̀kà, ó ṣòro kéèyàn rin àdúgbò kan já nílùú Àkúrẹ́ láìrí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tàbí ti káfíńtà. Iwájú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ti rí òkìtì irin kéékèèké àti pákó kúkúrú tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó máa fi ṣe. Owó ni òkìtì yẹn. Oníbàárà kan ti san án, tàbí kó jẹ́ pé àpò ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ló ti jáde. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń kọ́lé, àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá máa ń béèrè nípa rẹ̀.

Sẹ̀ǹtímítà ni mo fi wọn nǹkan, àyàfi níbi tí mo bá ti dárúkọ òmíràn. Mo ń pe páìpù, pákó tàbí rọ́ọ̀dù ní “odindi” bó ṣe ti ọjà wá. “Ẹyọ” ni èyí tí a gé lára rẹ̀, “àṣẹ́kù” sì ni ohun tó kù nígbà tí a gé e tán.

Mo ro gbogbo gígùn tí mo nílò pọ̀, mo sì fi gígùn odindi kan pín in. Kí ló dé tí ohun tí mo rà kò tó?

Nítorí pé àròpọ̀ ò mọ ibi tí odindi kan parí sí.

Ká ní géètì kan ní Ọ̀bà-Ilé fẹ́ ẹyọ páìpù onígun mẹ́rin mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 220. Odindi páìpù jẹ́ 600. Ẹ sọ 220 di ọ̀nà 8, ó di 1,760. Ẹ fi 600 pín in, ó fún yín ní 2.93, ẹ wá ra mẹ́ta. Nígbà tí ẹ dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gé méjì lára àkọ́kọ́, 160 ló ṣẹ́ kù. Kò sí bí ẹ ṣe lè na 160 kó di 220. Ẹ gé ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ gé ìkẹta, kò yí padà. Odindi mẹ́ta fún yín ní ẹyọ mẹ́fà péré. Mẹ́rin lẹ nílò, ẹni tó lọ sọ́jà sì gbọ́dọ̀ tún padà lọ, kó san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ẹ ṣe to ẹyọ sára odindi ló ń sọ iye tí ẹ máa rà. Àròpọ̀ wúlò, mo máa tó sọ ibi tó ti wúlò, ṣùgbọ́n kò lè dá ìbéèrè yìí dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká dúró ti géètì yìí díẹ̀ sí i. Ó tún fẹ́ ẹyọ 150 mẹ́rin fún irin ìdábùú, lára irú páìpù kan náà. Ẹni tó bá ṣírò ìyẹn lọ́tọ̀ á gé mẹ́ta lára odindi kan (mo máa tó sọ ìdí tí kò fi lè jẹ́ mẹ́rin), á sì ra òmíràn nítorí ẹyọ kan tó kù. Odindi méjì nìyẹn. Tí a bá fi mẹ́rin ti àkọ́kọ́ kún un, ó di mẹ́fà. Ẹni tó bá kọ gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan náà á rí i pé 220 àti 220 àti 150 jẹ́ 590. Ẹyọ 150 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde lára 160 tó fẹ́ di ìdọ̀tí. Odindi mẹ́rin ló parí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn máa fi mẹ́fà ṣe, géètì méjèèjì sì rí bákan náà.

Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, kí n tó lọ sọ́jà?

Ẹ kọ ìwé ìgé. Bébà kan ti tó: ẹ kọ gígùn ẹyọ, iye rẹ̀, àti ibi tó ń lọ. Ẹ tò ó láti orí èyí tó gùn jù wá sórí èyí tó kúrú jù. Ohun tó bá jọra nìkan ni kẹ́ ẹ kó pọ̀. Páìpù tó fẹ̀ ju ara wọn lọ, tàbí tí ara wọn nípọn ju ara wọn lọ, gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀, torí pé àṣẹ́kù ọ̀kan ò lè ran èkejì lọ́wọ́.

Tí iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bá wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, tí irú irin kan náà ni wọ́n sì ń lò, ẹ kọ wọ́n pọ̀ sójú ìwé kan. Bí oríṣi gígùn bá ṣe pọ̀ tó lórí ìwé náà ni àyè ṣe máa ń wà tó láti fi kékeré dí ẹ̀yìn ńlá. Oníṣẹ́ tó bá ń gé géètì lónìí, tó wá ń gé irin fèrèsé lọ́la láìwo méjèèjì pọ̀, á máa ju ohun tó máa tún fi owó rà ní ọjọ́ kejì.

Páìpù mi jẹ́ 600, mo sì fẹ́ ẹyọ 150 mẹ́rin. Ṣé kì í ṣe odindi kan péré ni?

Rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣubú nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn bí ẹnì kan ò bá là á yé wọn.

Ayùn àti dísìkì máa ń jẹ lára ohun tí wọ́n ń gé. Dísìkì tó nípọn tó mìlímítà 3 máa sọ mìlímítà 3 irin di ìyẹ̀fun nígbàkigbà tí ẹ bá gé e kọjá. Kí páìpù kan tó di mẹ́rin, ẹ máa gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta; mìlímítà 9 ti lọ. Ẹyọ mẹ́ta àkọ́kọ́ á pé 150, ìkẹrin á jẹ́ 149.1. Bí ẹ bá gbé e sí ojú ibi tó yẹ, àlàfo á wà tí ẹ máa fi iná wẹ́dì dí tipátipá. Dísìkì pẹlẹbẹ tó jẹ́ mìlímítà 1 máa ń jẹ díẹ̀, mìlímítà 3 lápapọ̀ fún iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ẹyọ ìkẹrin ò ní pé.

Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kẹ́ ẹ fi ohun tí ayùn ń jẹ kún ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń ṣírò. Ẹ pe 150 ní 150.3. Ọ̀nà mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 601.2, ó sì ti ju 600 lọ, ẹ ti mọ̀ pé mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Ẹ wọn bí dísìkì tàbí eyín ayùn yín ṣe nípọn tó gan-an. Ẹ má ṣe méfò. Bákan náà, ẹ wo orí méjèèjì odindi náà. Tí ó bá tẹ̀, tí ó bá sán tàbí tí kò gún régé, ẹ máa gé ibẹ̀ dànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà sì ti dín gígùn kù.

Ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ká mú bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Oǹdó. Pákó tó ń ti ilé ìlagi wá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn nǹkan bíi 366. Ẹ jẹ́ ká gé orí méjèèjì tó ti sán kúrò, kí 360 ṣẹ́ kù tó ṣeé lò. Ìwé ìgé náà nìyí:

150, ẹyọ 6, fún ìjókòó.
100, ẹyọ 8, fún ẹsẹ̀ àti ìfẹ̀yìntì.
75, ẹyọ 10, fún ìdábùú.
45, ẹyọ 6, fún àtìlẹ́yìn.

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,720. Ẹ fi 360 pín in, ó jẹ́ 7.56. Ibi tí àròpọ̀ ti wúlò nìyí: ó ń sọ fún yín pé kò sí ọgbọ́n kankan láyé tó lè mú iṣẹ́ yìí jáde lára pákó 7. Ó kéré tán, 8 ni. Ohun tó kù ni pé kẹ́ ẹ wò ó bóyá 8 á tó lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é bí ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú ṣe máa ń ṣe é, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré torí pé ó rọrùn láti gé. Àwọn 45 mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti 75 kan á kún pákó àkọ́kọ́. Àwọn 75 mẹ́rin-mẹ́rin á gba pákó kejì àti ìkẹta, 60 á sì ṣẹ́ kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin á gba 75 tó gbẹ̀yìn àti 100 méjì. Àwọn 100 mẹ́fà tó kù á gba pákó méjì. Nígbà tó bá kan 150, kò sí àyè fún un níbikíbi mọ́, méjì-méjì ni á máa jókòó sórí pákó tuntun: pákó mẹ́ta sí i. Ẹ kà á, pákó 9 ni. Lára 3,240 tí ẹ rà, 520 ti ṣòfò, ìyẹn ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ yí i padà báyìí, kí èyí tó gùn jù ṣáájú. Àwọn 150 gba pákó 1, 2 àti 3, méjì-méjì, 60 sì kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn 100 gba pákó 4 àti 5, mẹ́ta-mẹ́ta, 60 tún kù níbẹ̀. 100 méjì tó gbẹ̀yìn wà lórí pákó 6, ó ṣẹ́ ku 160, 75 méjì sì wọ ibẹ̀. Àwọn 75 mẹ́jọ tó kù gba pákó 7 àti 8, mẹ́rin-mẹ́rin, 60 kù. Àwọn 45 ló wá gbẹ̀yìn. Wọn ò nílò pákó tuntun rárá, inú àwọn 60 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pákó 8 ni gbogbo rẹ̀, òfò sì jẹ́ 160 lára 2,880, kò tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àròpọ̀ ti sọ pé kò lè dín ní 8, tí ẹ sì ti rí 8, ẹ fi bírò sílẹ̀. Kò sí èyí tó dín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ lè to pákó 8 yìí lọ́nà mìíràn: pákó mẹ́ta tó gba 150, 150 àti 45, pákó mẹ́rin tó gba 100, 100, 75 àti 75, pákó kan tó gba 75 méjì àti 45 mẹ́ta. Òfò rẹ̀ ṣì jẹ́ 160, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe pín. Nínú ti ìṣáájú, àṣẹ́kù tó gùn jù jẹ́ 60. Nínú èyí, ó jẹ́ 75, kí ayùn tó jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Èmi yóò mú ìkejì yìí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àṣẹ́kù kan tó gùn ṣeé lò lọ́la, ṣùgbọ́n 15 mẹ́fà kò ṣeé ṣe ohunkóhun ju kí wọ́n fi dá iná lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dín iye odindi kù, ẹ kó gbogbo òfò yín sójú kan.

Ṣé “èyí tó gùn jù ṣáájú” máa ń mú iye tó kéré jù wá nígbà gbogbo?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ gbìyànjú èyí wò: odindi 600, ẹ fẹ́ 230 méjì àti 180 mẹ́rin. Tí èyí tó gùn jù bá ṣáájú, 230 méjèèjì á jókòó pọ̀, 140 á kù tí 180 ò lè wọ̀. 180 mẹ́ta á gba odindi kejì, ìkẹrin á gba odindi kẹta fún ara rẹ̀ nìkan. Mẹ́ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n 230, 180 àti 180 jẹ́ 590. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ ti parí lórí odindi méjì.

Nítorí náà, ẹ máa fi iye tí ẹ rí wé iye tí àròpọ̀ fún yín. Nínú àpẹẹrẹ yìí, àròpọ̀ jẹ́ 1,180, odindi 2 sì ni ìwọ̀n tó kéré jù. Ẹni tó bá rí 3 tó sì mọ̀ pé àròpọ̀ ń sọ 2 á jókòó wá ètò mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn ẹyọ tí àpapọ̀ wọn fẹ́ẹ̀ẹ́ kún odindi kan pátápátá, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá to ìyókù.

Nígbà mìíràn àròpọ̀ máa ń sọ iye tó kéré ju ohun tó ṣeé ṣe lọ. Ẹyọ èyíkéyìí tó bá ju ìdajì odindi lọ gbọ́dọ̀ ní odindi tirẹ̀. Ẹyọ 310 márùn-ún máa gba páìpù 600 márùn-ún, àròpọ̀ ì báà sọ pé mẹ́ta ni. Èyí tó bá ju ìdá mẹ́ta odindi lọ, méjì péré ló lè wà lórí odindi kan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí 220 mẹ́jọ ọjọ́sí fi gba mẹ́rin.

Ìṣòro yìí ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrònú àwọn ọ̀mọ̀wé. Ilé iṣẹ́ pláíwúùdù ló gbé ìṣòro pípín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ wá bá Leonid Kantorovich, onímọ̀ ìṣirò ará Soviet, ní Leningrad. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1939, ó fi bí a ṣe lè gé ohun èlò láìfi ṣòfò kún un. Òun àti Tjalling Koopmans jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1975. Ní 1961, Paul Gilmore àti Ralph Gomory tí wọ́n wà ní IBM fi ọ̀nà kan hàn tí kọ̀ǹpútà lè fi ṣe é láìjẹ́ pé ó to gbogbo ètò ìgé tó ṣeé ṣe sílẹ̀, torí pé wọ́n máa ń pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ. Àwọn onímọ̀ tún ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé “èyí tó gùn jù ṣáájú” ò lè ṣì ọ̀nà jìnnà: tí iye tó dára jù bá jẹ́ odindi 9, ọ̀nà náà ò lè gbà ju 11 lọ. Nínú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sábà máa ń bọ́ sí i gẹ́lẹ́ tàbí kó fi odindi kan lé e.

Rọ́ọ̀dù ìkọ́lé ńkọ́? Ṣé bákan náà ni?

Ìṣirò rẹ̀ ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n owó tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti géètì lọ, nítorí náà ẹ fún un ní àkókò.

Odindi rọ́ọ̀dù jẹ́ mítà 12. Ẹ má ṣe gba ìyẹn gbọ́ láìwọ̀n ọ̀n. Ẹ fa téèpù sí mélòó kan lára rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò níwájú yín. Ìwọ̀n ìwúwo náà ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹ fi ìbú rọ́ọ̀dù ní mìlímítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 162 pín in. Ohun tó jáde ni kílò tó wà nínú mítà kan. Rọ́ọ̀dù 12, ìyẹn èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12: 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, 144 pín sí 162 jẹ́ 0.89. Odindi kan á wọn nǹkan bíi kílò 10.7, tọ́ọ̀nù kan á sì ní nǹkan bíi 93 tàbí 94. Tí ẹ bá ka 105 nínú ohun tó wọn tọ́ọ̀nù kan lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín pé rọ́ọ̀dù yẹn tín-ín-rín tàbí ó kúrú ju bí wọ́n ṣe pè é lọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfò nìkan mọ́. Ilé ló máa gbé dúró.

Ká wá sí gígé. Òpó mẹ́fà, rọ́ọ̀dù mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mítà 3.6 ni gígùn ẹyọ. Ẹyọ 24 nìyẹn. Mẹ́ta ń jáde lára odindi kan, mítà 1.2 sì ń ṣẹ́ kù. Odindi 8 ni, pẹ̀lú mítà 1.2 mẹ́jọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà ibi tí mítà 1.2 yẹn lè wúlò kí àwọn ayọ́n-bẹ́ńdà tó gé e sí wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ so ó mọ́ rọ́ọ̀dù mìíràn, ẹ rántí pé méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn léra wọn. Tí àwòrán ẹnjiníà bá sọ pé ìlọ́po 40 ìbú rọ́ọ̀dù ni wọ́n máa fi léra wọn, 48 nìyẹn fún rọ́ọ̀dù 12. Mítà 1.2 yẹn kò ju 72 lọ mọ́ tí a bá fẹ́ mọ ohun tó fi kún gígùn. Ẹnjiníà ló ń sọ ibi tí ìsopọ̀ lè wà. Ẹ má ṣe tìtorí àṣẹ́kù so rọ́ọ̀dù síbi tí àwòrán kò gbà.

Ríǹgì, ìyẹn irin tí wọ́n tẹ̀ yí àwọn rọ́ọ̀dù òpó ká, ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Tí ríǹgì kan bá gba 85, odindi mítà 12 á fún yín ní 14, 10 péré ló máa ṣẹ́ kù. Tí ó bá gba 86, 1,200 pín sí 86 jẹ́ 13.95, ẹ ò lè rí ju 13 lọ. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Nínú ilé tó fẹ́ ríǹgì 400, ti àkọ́kọ́ á gba odindi 29, ti ìkejì á gba 31. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ gé ìkọ́ ríǹgì kúrú kó lè bá ìṣirò mu. Ìkọ́ yẹn ló ń di òpó mú nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kẹ́ ẹ ṣe ríǹgì kan bí àwòrán ṣe ní, kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ wọn gígùn rẹ̀ gan-an, kí ẹ tó gé ọgọ́rùn-ún. Ayọ́n-bẹ́ńdà tó bá ń fi 2 kún ẹyọ kọ̀ọ̀kan “kó má baà kúrú” ti ná owó yín.

Oníṣòwò ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ni páìpù òun. Ìyẹn kì í ṣe mítà 6?

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹsẹ̀ bàtà 20 jẹ́ 609.6, mítà 6 jẹ́ 600. Ẹni tó bá ṣètò ẹyọ 202 mẹ́ta lórí ẹsẹ̀ bàtà 20 á rí méjì péré tí páìpù bá jẹ́ mítà 6 lóòótọ́. Nínú ọjà wa, ẹsẹ̀ bàtà, íǹṣì, mítà àti sẹ̀ǹtímítà ló jọ ń rìn pọ̀. Ẹ yan ọ̀kan fún ìwé ìgé yín, kẹ́ ẹ yí ìyókù padà sí i. Íǹṣì kan jẹ́ 2.54.

Pákó kì í gún bí irin. Báwo ni mo ṣe máa ṣètò rẹ̀?

Òótọ́ ni. Ì báà jẹ́ igi ọmọ, arère, afàrà tàbí ọ̀gànwó, ẹ ó rí èyí tó ní kókó, èyí tó sán lórí, èyí tó wọ́ láàárín. Ètò orí ìwé kàn ń sọ iye tí ẹ máa rà ni. Pákó fúnra rẹ̀ ló máa sọ ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti máa jáde. Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fi ayùn kàn án. Èyí tó gún jù lẹ ó fi ṣe ẹyọ gígùn. Èyí tó wọ́ ni kí ẹ gé sí kúkúrú, torí pé wíwọ́ kì í hàn lára ẹyọ 45 bó ṣe ń hàn lára 150. Níbi tí kókó bá wà, ẹ gbìyànjú kí ayùn gba ibẹ̀ kọjá, kó lè bọ́ sínú ohun tí ẹ ti fẹ́ jù nù tẹ́lẹ̀. Nínú iṣẹ́ igi, mo máa ń fẹ́ kí àṣẹ́kù díẹ̀ wà nínú ètò, torí pé ètò tó fún pinpin kò ní àyè fún kókó kan ṣoṣo.

Tí mo bá ń gé orí ẹyọ ní dígíríì 45 ńkọ́?

Ẹ máa yí ẹyọ padà. Ká ní páìpù tó fẹ̀ ní 5 ni, tí ẹ̀gbẹ́ gígùn férémù jẹ́ 100, tí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú sì jẹ́ 90. Tí ẹ bá ń sàmì gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà kan náà, igun kan á máa jábọ́ láàárín ẹyọ méjì, márùn-ún péré lẹ ó sì rí lára 600. Tí ẹ bá ń dojú ọ̀kan délẹ̀ tí ẹ ń dojú èkejì sókè, gígé kan ṣoṣo ló ń ṣe orí ẹyọ méjì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan á máa gba nǹkan bíi 95, mẹ́fà á sì jáde, pẹ̀lú àyè tó pọ̀ tó fún dísìkì. Páìpù onígun mẹ́rin gba èyí dáadáa. Alumíníọ̀mù fèrèsé tó ní ojú àti ẹ̀yìn kò gbà á.

Pláíwúùdù ńkọ́?

Ìyẹn ní gígùn àti ìbú, ó le ju èyí lọ. Odindi rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, nǹkan bíi 244 sí 122. Ẹ kọ́kọ́ là á sí ọ̀já gígùn láti etí dé etí, kẹ́ ẹ tó gé ọ̀já kọ̀ọ̀kan sí ẹyọ. Ayùn ò lè dúró láàárín kó yà. Ẹ má ṣe fi 61 ṣe ìbú kọ́bọ́ọ̀dù, torí pé méjì rẹ̀ jẹ́ 122 gẹ́lẹ́, ayùn ò sì ní rí tirẹ̀ jẹ. 60 lẹ máa lò.

Ṣé mo lè yí ìwọ̀n iṣẹ́ padà kí òfò lè dín kù?

Níbi tí iṣẹ́ bá ti gbà á, èyí gan-an ló ń gba owó là jù, àwọn èèyàn kì í sì í ronú kàn án. Irin tó jẹ́ 205 máa ń jáde méjì lára páìpù 600, 190 tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kẹta á sì ṣòfò. Tí géètì bá lè kúrú ní 6 péré, kó di 199, mẹ́ta á jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fi iye owó tó máa jáde hàn án lórí bébà, kì í sábà kọ̀. Ilẹ̀kùn tó ti ní ojú tirẹ̀ lára ògiri kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ṣé kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lè bá mi ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni. Excel ní Solver tó lè ṣe é, àwọn ètò ìgé sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù tí ẹ kàn máa kó gígùn àti iye sí. Fún ìwé tó ní ju oríṣi gígùn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ, mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ rí i pé ẹ fi ohun tí ayùn ń jẹ sí i, torí pé ọ̀pọ̀ máa ń fi òdo síbẹ̀ fúnra wọn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kọ́ ọ lórí bébà ná. Ẹni tí kò mọ ìdí tí 150 mẹ́rin ò fi wọ 600 kò ní mọ ìgbà tí fóònù ṣì í lọ́nà.

Àṣẹ́kù wo ni kí n fi pamọ́, ta ló sì ni ín?

Ẹ wo ẹyọ tó kúrú jù nínú ohun tí ẹ máa ń ṣe léraléra. Àṣẹ́kù tó bá gùn jù ú lọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ gígùn rẹ̀ sí i lára, kẹ́ ẹ gbé e dúró sára ògiri ní ìtò-ìtò. Èyí tó bá kúrú sí i, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kó má gba àyè. Kẹ́ ẹ tó kọ iye tí ẹ máa rà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìdí ògiri yẹn pẹ̀lú ìwé ìgé lọ́wọ́. Àṣẹ́kù tí wọn ò kọ gígùn sí lára, ẹnikẹ́ni kì í wọ̀n ọ́n. Tuntun ni wọ́n á lọ gé.

Ní ti ẹni tó ni ín: tí oníbàárà bá fi owó ara rẹ̀ ra odindi, tirẹ̀ ni àṣẹ́kù, kódà bó bá gbàgbé láti béèrè. Tí ó bá jẹ́ pé owó iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ gbà tí ẹ sì ra ohun èlò fúnra yín, tiyín ni. Ẹ sọ èyí fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé owó tí ẹ fún un. Ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ lórí irin ìdajì mítà ti lé oníbàárà rere kúrò ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn gbogbo ìṣirò yìí, ṣé kí n ra ọ̀kan kún un?

Èrò tèmi nìyí. Fún irin, tí ẹ bá ti wọn odindi tí ẹ sì ti ka ohun tí dísìkì ń jẹ, ẹ ra iye tí ìwé sọ gẹ́lẹ́, pàápàá tí ọjà ò bá jìnnà. Fún pákó, ẹ fi ọ̀kan kún mẹ́wàá-mẹ́wàá nítorí kókó àti sísán. Tí ibi iṣẹ́ bá jìnnà sí ọjà, bíi pé ẹ ń ti Àkúrẹ́ gbé nǹkan lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìdànrè, ẹ fi iye owó odindi kan wé owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọjọ́ kan tó máa dúró. Tí owó ọkọ̀ bá ga ju ti odindi lọ, ẹ gbé ọ̀kan dání, kẹ́ ẹ sì sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án títí ẹyọ tó gbẹ̀yìn lórí ìwé ìgé á fi jáde.